Ẹ̀kan Iwájú Ilé

"Má gé e o. Wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ̀kan tí o bá gé sí mẹ́ta, mẹ́ta ni yóò hù."

Ìyá ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí tó ń dùn ún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú u.

Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé. Wọn kì í san owó ilé. Ìtọ́jú koríko iwájú ilé ni wọ́n ń ṣe dípò rẹ̀. Àmọ́ látìgbà tí ìbàdí ìyá ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀kan, koríko ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn, ti wọ àárín koríko rere. Onílé, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, ti ní òun yóò gbé yàrá náà fún ẹni tó lè ṣiṣẹ́. Ìyá ló bẹ̀ ẹ́: "Ẹ fún ọmọ mi láyè kan, mà. Kì í ṣọ̀lẹ, kì í parọ́."

Ọmọ náà wú díẹ̀. Gbòǹgbò funfun ń lọ lábẹ́ ilẹ̀ bí okùn, kò lópin. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá yọrí lókè ọgbà.

"Ṣé wúrà lò ń wá nílẹ̀ ni? Gbogbo wa ti dé pápá bọ́ọ̀lù."

"Màmá mi ní kí n wú u."

"Ta ló fẹ́ wo abẹ́ ilẹ̀? Fi ọkọ́ ṣá a, bu yẹ̀pẹ̀ bò ó, ká máa lọ, ìyá àgbẹ̀!"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣá a wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó bu yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí pápá.

Nírọ̀lẹ́, ìyá bi í pé, "O wú gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, mà."

Ìyá mú ọwọ́ tó bó náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Lọ́jọ́ kejì ó ń yangàn fún onílé: "Ṣé mo wí? Ọmọ mi ni."

Òjò dé. Ẹ̀kan yọ níbi gbogbo tí ọkọ́ tú u ká sí. Onílé fa ọ̀kan yọ: gbòǹgbò kúkúrú kan, ojú ọkọ́ hàn lára rẹ̀.

"Ta ló ṣá èyí?"

Ìyá wo gbòǹgbò náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó ṣá a, mà. Mi ò mọ̀ pé yóò hù."

"Ìwọ tó ń kọ́ gbogbo àdúgbò bí wọ́n ṣe ń wú ẹ̀kan? O wá ń parọ́ fún mi. Kó ẹrù rẹ."

Yàrá tí wọ́n kó lọ ṣókùnkùn, ẹ̀kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ náà mú ọkọ́. Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n wú u. Ìbàdí yín ńkọ́?"

"Fi sílẹ̀."

"Màá wú u dáadáa lọ́tẹ̀ yìí."

"Bí mo bá gbé iṣẹ́ náà fún ọ, màá tún wá wo abẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Kí n kúkú ṣe é."

Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kérora, ó ń wú u.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò ní ọ̀rọ̀ dídùn fún yín. Iṣẹ́ tí ẹ bá fi ojú ayé ṣe, òjò yóò tú u síta. Ènìyàn lè rí yàrá mìíràn. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé ìyá kì í ṣe ẹ̀kan. Bí ẹ bá ti ṣá a, kì í hù mọ́.