Tìróò Inú Ihò Fàdákà

Mo ṣèlérí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé ìtàn yìí kò ní gùn. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ gan-an kò pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí Bilkisu àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jiọ́lọ́jì ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ihò àtijọ́ tí àwọn òyìnbó ti wa fàdákà àti òjé rí, ohun tó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé, kì í sì í fẹ́ jáde. Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, ní àlàyé wà fún un. Kò ṣe àlàyé náà.

Bàbá Láwàl tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹ má mú nǹkan kan lọ. Ilẹ̀ ya lu àwọn awakùsà kan nínú ihò yìí, wọn ò gbé wọn jáde. Òkúta yẹn nìkan ló kù tí wọ́n ní."

Òkúta náà ń dán lára ògiri. Ó ń là ní igun mẹ́rin mẹ́rin bíi ṣúgà oníhóró, ó sì wúwo ju bó ṣe tó lọ. Bilkisu mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọmọ Ìlọrin tí wọ́n ti lé tìróò fún rí ló mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ̀, Hàjàrá, ti ń lọ tìróò tà ní àdúgbò Ṣàngó láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ní báyìí, ojú rẹ̀ ti fọ́, dókítà sì ti ní kò sí ọgbọ́n kankan mọ́. "Èédú ni wọ́n ń tà fún wa," ló máa ń sọ. "Bí mo bá rí ojúlówó, màá tún rí ojú ẹ kí n tó kú, Bilki."

Bilkisu ti òkúta kan bọ abẹ́ híjáàbù.

Nílé, Hàjàrá lọ̀ ọ́, ó jọ̀ ọ́, ó lé e sójú. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín.

"Alhamdulillahi! Mo ń ríran! Ta ni ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn? Ẹ wọlé, sà. Ẹ kọ́kọ́ nu ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ yín."

Kò sí ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ńkọ́, Màámi?"

Hàjàrá yí ojú síbi tí ohùn ti wá, ó wá a kiri. "Mi ò rí ìwọ. Àwọn ẹlẹ́rẹ̀ yìí nìkan ni. Wọ́n ti kún yàrá."

Bilkisu fomi fọ tìróò náà kúrò lójú rẹ̀, ó fi òróró nù ún. Bó ṣe ń nù ún ni yàrá ń kún sí i. Àwọn àlejò náà kò dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n kàn jókòó ni, bí ìbátan tí kò sọ ọjọ́ tó máa lọ. Hàjàrá kò lè sùn mọ́. "Wọ́n ní àwọn ń dúró de òkúta àwọn," ló wí.

Bilkisu kó gbogbo tìróò náà sínú ìgò, ó wọkọ̀ ní Ọ̀fà Garage, ó padà sí ihò náà.

"O ti lọ̀ ọ́," Bàbá Láwàl wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ojú ìyá mi ni."

"Odindi lo mú lọ, ìyẹ̀fun lo gbé dé. Wọ́n á wo ohun tí wọ́n máa gbà dípò."

Bilkisu wọnú ihò, ó da ìyẹ̀fun náà sídìí ògiri tó ti yọ òkúta náà. Nǹkan kan dún lókè orí rẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan rọra ti ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó jáde. Ó dá a lójú pé ó jáde.

Ó kí Bàbá Láwàl pé ó dàbọ̀. Bàbá ti ṣí fìlà, ó ń wo inú ihò, kò dá a lóhùn. Nínú ọkọ̀, wọn ò bi í léèrè owó. Ó kà á sí sàárà. Ọkùnrin sísanra kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé e lórí. Ó kà á sí àìlẹ́kọ̀ọ́.

Hàjàrá wà lórí ẹní nígbà tó wọlé. Ó gbójú sókè, ojú náà sì dúró lára rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Bilki! Mo rí ẹ! Ọmọ mi, o mà ti dàgbà o. Mo rí ẹ kedere." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Níbo lo ti kó ẹrẹ̀ sẹ́sẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ kúrò láàárín wa. Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì Tanke tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ wọn, tí àyè kan ṣófo tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ jókòó sí, ẹ kí Bilkisu dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé kò jáde. Ó ń múra ìdánwò lọ́wọ́.