Àsálà Mẹ́fà Inú Agolo

"Àsálà tútù mẹ́fà! Hadassah, ṣé o fẹ́ máa wò wọ́n bíi fọ́tò ni?"

Rùkáyàt ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. Hadassah di agolo mílíìkì náà mọ́ àyà. Ìyá rẹ̀ ló ká àsálà náà lẹ́yìnkùlé bàbá àgbà ní abúlé, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àìsàn mú ìyá náà lọ. "Gbìn ín sí ọgbà tí ẹ ń ṣe fún ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ níléèwé yín," ni wọ́n wí. "Má fi iná kàn án o."

"Ọ̀la la máa gbìn ín," ni Hadassah fèsì.

"Àwa ńkọ́? Àbí ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan lọ̀rẹ́ ẹ?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà ìsìnkú, kò sẹ́ni tó ń bá Hadassah ṣàwàdà mọ́. Ńṣe ni wọ́n ń rọra kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń kọjá níwájú ilé ọ̀fọ̀. Ẹ̀rín yìí dùn mọ́ ọn, ló bá ṣí agolo náà fún wọn. Kí aago tó lù, wọ́n ti se àsálà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílé ìdáná iléèwé, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra mẹ́fà mìíràn tí wọ́n ti sè lọ́jà Sábó, ó kó wọn sínú agolo. Ọmọ Èkó ni; orí àtẹ ló ti mọ àsálà. Ó rò pé torí kí òun má baà jẹ ẹ́ ni ìyá òun ṣe ní kí òun má fi iná kàn án.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun, olùkọ́ tó ń bójú tó ọgbà náà, bá a gbẹ́ ihò mẹ́fà lẹ́bàá ògiri, wọ́n sì ri ọ̀pá tí ìtàkùn yóò gùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Òjò rọ̀, gbogbo ohun tí àwọn yòókù gbìn hù. Ìdí ọ̀pá mẹ́fà yẹn nìkan ló dákẹ́. Láràárọ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ kan á sọ̀ kalẹ̀ látorí ògiri, á họ ilẹ̀ díẹ̀, á gbóòórùn, á sì sá lọ. Hadassah kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

"Ó yẹ kó ti máa yọjú," ni olùkọ́ wí. Ó wo ilẹ̀, ó wo Hadassah.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, bàbá rẹ̀ wá sí iléèwé.

"Bàbá àgbà pè mí láti abúlé. Wọ́n ń la títì, wọ́n ti gé àsálà ẹ̀yìnkùlé yẹn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ó ku tìẹ nìkan. Mú mi lọ wò ó."

Hadassah mú un lọ sídìí ọ̀pá mẹ́fà náà. Bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó fọwọ́ hú ọ̀kan jáde. Ó fi òkúta fọ́ ọ. Inú rẹ̀ ti jẹrà.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlánípẹ̀kun, tó tẹ̀ lé wọn, bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Hadassah, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti se eléyìí kó o tó gbìn ín? Àsálà tí wọ́n bá ti sè kì í hù láéláé."

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́… a ti jẹ ti Mọ́mì. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ṣeré ni."

Bàbá rẹ̀ kò nà án, kò bú u. Ó dá àsálà jíjẹrà náà padà sínú ihò, ó sì ń bu yẹ̀pẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, bó ṣe bù ú létí sàréè lọ́jọ́sí. Rùkáyàt dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ohun tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́ ra ẹ̀rín ẹgbẹ́. Ẹ̀rín kì í pẹ́ tán. Ohun tí iná bá sì ti pa, òjò kò lè jí i.