Ẹni Tó Ní Ó Dáa Ni Yóò Fọwọ́ Lé E

"Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ mọ́," ni olùkọ́ wí fún Jẹ́jẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan. Ọmọbìnrin tí olùkọ́ bí gan-an, tí kíláàsì ń pè ní Ọmọ Tíṣà, gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bi ara rẹ̀ pé, ọmọ ta ni?

Owú yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá rẹ̀, ẹnjiníà iná mànàmáná, fi ṣe rédà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ojú òfuurufú, fún àwọn ológun. Bó bá délé, tí ọmọ bi í pé kí ló ṣe lónìí, "Iṣẹ́ ni" ni gbogbo èsì. Àṣírí ìjọba ni, wọn kì í sọ ọ́ nílé. Nígbà tó wá di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọmọ rẹ̀ wọ kíláàsì rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ó rò pé ẹnu bàbá á là wàyí. Ẹnu là lóòótọ́, àmọ́ Jẹ́jẹ́, ọmọ ọlọ́mọ, ló ń bá sọ̀rọ̀ tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó dun Ọmọ Tíṣà wọra.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Jẹ́jẹ́ ló ṣe ẹ̀rọ iná kan, Ọmọ Tíṣà ni wọ́n ní kó yẹ̀ ẹ́ wò. Bó ṣe ṣí àpótí irin náà, ó rí wáyà iná kan tó ti tú, tó fara kan irin. Ó rò pé fíúsì lásán ló máa jó, ojú á sì ti Jẹ́jẹ́. Ó dé àpótí náà padà.

"Ṣé ó dáa?" Jẹ́jẹ́ bi í.

"Mo ní ó dáa. Àbí o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ bàbá mi ni?"

Olùkọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ó gbé ọwọ́ lé swíìṣì. "Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó bá yẹ ẹ̀rọ wò, tó ní ó dáa, òun ló ń fọwọ́ lé e nígbà tí a bá ń tan án. Ó yá."

Ọmọ Tíṣà gbé ọwọ́, kò lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ má tan án, Dádì. Wáyà kan ti tú. Mo rí i, mo dákẹ́."

"Kí ló dé?"

"Òun lẹ̀ ń pè lọ́mọ. Ẹ kì í bá èmi sọ̀rọ̀."

Bàbá mú ọwọ́ kúrò lórí swíìṣì.

"Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, a ó sọ ọ́ nílé. Àmọ́ òdo ni máàkì rẹ. Iná kò mọ ẹni tí ò ń jowú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ló máa gbé."

Jẹ́jẹ́ kò bú u. Ó na sukurudíràfà sí i. Ọmọ Tíṣà fún wáyà náà le, ó ti àpótí, ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ lé irin náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ tan án, sà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí owú bá ń dà yín láàmú, ẹ sọ ohun tó ń dùn yín fún ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ. Ẹ má fi ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.