Àdìgún Fi Ewé Dé Iná Bí Ebè

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìgúnyán wọ ilé Àdìgún ní Kambolé, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Fọláṣadé ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Sokodé, nítorí apá ń dun ìyá rẹ̀, Ṣìkírà.

Àwọn àna ń bọ̀ láti Tchamba lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti wá dá ọjọ́ yìgì Fọláṣadé.

“Ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ìró odó nílé yìí lónìí,” Àdìgún ló ń yangàn bẹ́ẹ̀. “Iṣu wa máa gún ara rẹ̀.”

Ihò iná kan ṣoṣo ló wà nínú ilé, pálọ̀ ló sì wà. Àdìgún ra ralọ́ńjì, okùn iná tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò mẹ́ta, ó nà án gba ojú fèrèsé wọ ilé ìdáná. Ó ki fírígò, kẹ́tù tí wọ́n fi ń se omi àti ẹ̀rọ ìgúnyán bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò pẹ́ tí Ṣìkírà fi pè é. “Bàbá Fọláṣadé, nǹkan yìí gbóná bí orí ọmọ tí ibà ń ṣe.”

Àgbẹ̀ ni Àdìgún. Lóko, tí oòrùn bá mú, koríko ni wọ́n fi ń dé ebè lórí kí èèbù má baà jóná. Ni àgbẹ̀ wa bá já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó rì í bọ omi, ó fi dé ralọ́ńjì náà. Ó tilẹ̀ gbé òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.

Òórùn ike tó ń jóná ló pàdé àwọn àna lẹ́nu ọ̀nà. Àlàsàn, bàbá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Fọláṣadé, oníṣẹ́ iná ni. Kò jókòó. Ó yọjú sí ilé ìdáná, ó rí Ṣìkírà tó ń na ọwọ́ tútù láti ṣí ewé náà wò.

“Ìyá wa, ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Ó sáré lọ síbi kóńtà, àpótí tó ń ka iná, ó pa iná gbogbo ilé kó tó ṣí ewé náà kúrò. Ike abẹ́ rẹ̀ ti yọ́, ó dúdú. Àdìgún wo ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an.

“Ẹ̀yin àna wa, kí ni ewé ń ṣe níbí?” Àlàsàn bi í.

“Ó gbóná ni. Mo ní kí n dé e bí ebè.”

Àlàsàn gbé ẹ̀rín mì. “Bí okùn iná bá gbóná, ẹrù rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ewé ń sé ooru mọ́ ọn, omi sì ń fa iná wá sára èèyàn. Díẹ̀ ló kù kó jẹ́ ìrun òkú la máa kí níbí lónìí. Èmi fúnra mi ni màá fa okùn tó nípọn sí ilé ìdáná yìí. Ẹ kà á mọ́ ẹrù ìyàwó.”

“Kí la wá fẹ́ jẹ báyìí?” Ṣìkírà ló béèrè.

Àlàsàn wo odó tó wà nígun ilé. “Apá ta ni ò dùn ún nílé yìí?”

Gbogbo ojú yí sí Àdìgún. Ó bọ́ agbádá, ó gbá ọmọ odó mú. Iyán náà ní kókó, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì dá ọjọ́ yìgì.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má kó ẹ̀rọ ìdáná jọ sórí ralọ́ńjì kan. Ẹ jẹ́ kí kẹ́tù, fírígò àti ẹ̀rọ ìgúnyán ní ihò tiwọn lára ògiri, kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ sì fa okùn tó lè gbé wọn. Bí okùn bá gbóná tàbí tó ń rùn, ẹ pa iná níbi kóńtà, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹ má fi ọwọ́ tútù kàn án, ẹ má sì da omi sí i.

Ebè ni kí ẹ máa fi koríko dé.