Ọtí Deok-im Kò Ṣeé Dé Pa

"Ẹ gbé kẹ́tù yìí kúrò níwájú mi! Ṣé omi tí ẹ fi ṣan abọ́ lẹ wá ń gbé fún àgbàlagbà?"

Bàbá Pyo ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi wa takisí nílùú Jeonju kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọ̀sán Sátidé kan tí kì í wá jókòó nílé ọtí Màmá Tak. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, nínú oṣù kẹjọ tí oòrùn ń mú bí iná, ńṣe ló fi ìbínú ti kẹ́tù náà sẹ́yìn. Makgeolli, ọtí ìrẹsì funfun tó rí bí omi ògì, dà sórí àkàrà ẹ̀wà pẹlẹbẹ tó ṣì ń gbóná lọ́wọ́.

Gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Deok-im ló dúró síbẹ̀, ìyàwó Sang-guk tó jẹ́ àkọ́bí Màmá Tak. Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọn ọtí ilé náà.

"Ìyá Bo-ram!" Màmá Tak na ìka sí i. "Ṣé o gbọ́? Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ sí mi lójú láti oṣù méjì wá? Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Màmá, ọtí tí mo pọn kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ ọwọ́ mi."

"Ta ló wá pọn ọ́n? Àǹjọ̀nú?"

Ẹni tó fèsì yẹn ni Su-hyang, ìyàwó àbúrò Sang-guk. Ó jókòó sábẹ́ fáànù, ó wọ aṣọ funfun báláú, ó ń fẹ́ èékánná rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ọkọ rẹ̀ ń bẹ ní Ulsan níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, òun ní tirẹ̀ ń gbé mọ́tò pupa kiri ìgboro. Ọdún mẹ́fà tó ti wọ ìdílé yìí, kò fọ ìrẹsì rí, kò fọ́ ìwúkàrà rí, kò ki ọwọ́ bọ ìkòkò ọtí rí. Àfi ẹnu! Àfi kó máa pọ́n Màmá Tak lé lójú, kó máa fi ojú wọn ilé ọtí náà bí ẹni pé òkú ìyá náà ti sùn!

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mu ọtí Deok-im nígbà tó dára, ẹ̀yin lẹ pàdánù. Ọtí tí í mú arúgbó rántí orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣeré nílé ìwé. Ọtí tó kan díẹ̀, tó dùn díẹ̀, tó ń ta ahọ́n bí ẹni ń bá a ṣàwàdà. Ọtí tí í jẹ́ kí ọkọ àti aya tí wọ́n bá ìjà wọlé bá ẹ̀rín jáde. Ẹnikẹ́ni kì í pe oúnjẹ nílé Màmá Tak. Kẹ́tù lèèyàn ń pè, oúnjẹ á sì tọ̀ ọ́ wá fúnra rẹ̀: kimchi tí í ṣe ẹ̀fọ́ kíkan aláta, ẹja yíyan, ẹyin sísè, ewé tí wọ́n fi ata rẹ, títí tábìlì kò fi ní í gba nǹkan kan mọ́. Gbogbo àwọn tó jókòó á sì jọ máa na ọwọ́ sí abọ́ kan náà. Tí wọ́n bá pe kẹ́tù kejì, oúnjẹ á tún gbayì jùyẹn lọ. Nísinsìnyí, oṣù méjì gbáko, kò sẹ́ni tó pe kẹ́tù kejì mọ́. Wọ́n á mu ẹyọ kan, wọ́n á fajú ro, wọ́n á dìde.

"Màmá, ẹ má bá ìyálé mi wí jù," ni Su-hyang wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Àbí kẹ̀, bóyá wọ́n ń gbé èyí tó dára lọ tà síbòmíràn, wọ́n wá ń fi omi la èyí tó kù fún wa."

"Su-hyang! Èmi?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Mo kàn ń béèrè ni. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ọtí, ìbàdí ta ló wà?"

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Deok-im gbá kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìbàdí rẹ̀ mú.

"Ọlọ́run tó dá mi ń gbọ́! Bí mo bá ta ife kan ṣoṣo nínú ọtí ilé yìí síta, kí ọwọ́ tí mo fi ń po ìrẹsì yìí rọ! Ẹnìkan ń wọ yàrá yẹn lẹ́yìn mi, Màmá. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo máa fi ọtí tó ń hó sílẹ̀, n óò padà bá omi aláṣúgà nínú ìkòkò. Bàbá Bo-ram, ẹ̀yin ni ọkọ mi, ẹ bá mi sọ̀rọ̀! Ṣebí ojoojúmọ́ lẹ ń rí mi nídìí ìkòkò?"

Sang-guk ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ìyá Bo-ram," ló wí níkẹyìn, "tó bá jẹ́ pé o ṣe é, bẹ Màmá. Má kó ìtìjú bá mi níwájú èèyàn."

Ẹ gbọ́ ọkọ! Ẹ gbọ́ ẹni tí wọ́n jọ sùn, tí wọ́n jọ jí! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọmọbìnrin wa kan bọ́ sọ́wọ́ irú rẹ̀.

"Ó ti tó," ni Màmá Tak wí. "Tú kọ́kọ́rọ́ yẹn fún Su-hyang. Òun ni yóò máa ṣe àkóso yàrá ọtí láti òní lọ. Ìwọ, kó ẹrù rẹ, kó o máa lọ sílé ìyá rẹ ní Namwon."

"Màmá, ìyá mi ti kú."

"Ṣé èmi ni mo pa á?"

Bàbá Pyo pàápàá, tó jẹ́ pé òun ló dá ariwo sílẹ̀, sọ orí kọ́.

Su-hyang dìde, ó na ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é. Mo ní ibi tí mò ń lọ, oòrùn ń pa mọ́tò mi níta."

"N kò ní í tú u," ni Deok-im wí.

"Kí lo wí?"

"Mo ní n kò ní í tú u, Màmá! Ẹ pe gbogbo àdúgbò. Ẹ pe àwọn tó ń pọn ọtí láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà yìí dé òpin rẹ̀, kí wọ́n wá wo ìwúkàrà mi, kí wọ́n wo ìrẹsì mi, kí wọ́n sọ bóyá ohun tí mo gbé kalẹ̀ lè di omi yìí. Tí wọ́n bá ní ọwọ́ mi ló bà á jẹ́, n óò fẹsẹ̀ ara mi lọ."

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń jà!" Su-hyang pàtẹ́wọ́. "Olè ní í jà báyẹn!"

"Ìwọ ni olè!"

"Èmi? Èmi tí mo ní mọ́tò? Kí ni n óò fi ọtí ẹlẹ́gbin yín ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ń rùn bí ìkòkò láti àárọ̀ dálẹ́!"

Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogún, ogún di ogójì. Lẹ́ẹ̀mejì ni Su-hyang bojú wo ìta, lẹ́ẹ̀mejì ló tún padà, torí kò lè lọ kí kọ́kọ́rọ́ má bọ́ sí i lọ́wọ́. Àsìkò tí ojúkòkòrò so ó mọ́lẹ̀ yẹn gan-an ni oòrùn ń ṣiṣẹ́ lórí mọ́tò pupa.

Gbàmù!

Gbogbo èèyàn fò sókè. "Táyà ló bẹ́," ni Sang-guk wí.

"Táyà kọ́," ni Bàbá Pyo dá a lóhùn. "Mo mọ ohùn táyà ju ohùn ìyàwó mi lọ."

Gbàmù! Gbàmù!

Wọ́n rọ́ jáde. Nǹkan funfun ń kán tótó lábẹ́ búùtù mọ́tò Su-hyang, ó ń ṣàn lọ sójú gọ́tà. Su-hyang sáré, ó na apá méjèèjì, ó fi ẹ̀yìn dí búùtù.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Wàrà ni! Wàrà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni!"

"Wàrà wo ló ń dún bí ìbọn?" ni Bàbá Pyo bi í.

Gbàmù lẹ́ẹ̀kan sí i! Ẹ̀rù ba Sang-guk, ó rò pé mọ́tò fẹ́ gbiná. "Su-hyang, kúrò níbẹ̀! Kúrò kí n ṣí i!" Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, ó sì ṣí búùtù náà.

Kò tètè yé e ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti yé ìyá rẹ̀.

"Sang-guk," ni Màmá Tak pè é, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Kí ni kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ìyàwó àbúrò rẹ ń ṣe nínú àpò rẹ?"

Kó tó lanu, ìgò kan tún bú nínú búùtù. Ọtí tú jáde bí omi ẹ̀rọ, ó bá Su-hyang lójú, ó bá a ní irun, ó sọ aṣọ funfun náà di aṣọ ìnulẹ̀. Ìgò tó tò síbẹ̀ pọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Àwọn kan ti fọ́, àwọn kan sì ń retí àsìkò tiwọn. Bàbá Pyo fi ìka kan ọtí tó ń ṣàn lára mọ́tò, ó tọ́ ọ wò, ó dijú.

"Deok-im," ló wí. "Ọtí Deok-im nìyí. Àní, ọtí Deok-im gan-an nìyí! Oṣù méjì tí ẹ fi ń fún wa ní ìdọ̀tí mu, ibí ló wà!"

"Irọ́ ni!" Su-hyang fi apá nu ojú. "Mo rà á ni! Mo rà á lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀!"

Bàbá Pyo mú ìgò kan tí kò tíì fọ́, ó ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára sókè ketekete kí gbogbo òpópónà lè gbọ́: "Ọtí Àfọwọ́pọn Su-hyang àti Sang-guk. Ilé Ọtí Tuntun, Gunsan."

Orúkọ àwọn méjèèjì! Kì í ṣe ibùsùn ló da wọ́n pọ̀ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Owú àti ojúkòkòrò ni. Ẹnìkan fẹ́ gba ilé, ẹnìkan fẹ́ di ọ̀gá níbi tí ìyá rẹ̀ kò ti ní í máa pàṣẹ fún un, wọ́n wá fi Deok-im ṣe àtẹ̀gùn.

Deok-im súnmọ́ Su-hyang. Kò pariwo mọ́.

"Ta ló dé ìgò wọ̀nyí pa?"

"Èmi ni! Kí n má dé e? Ṣebí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jò sí gbogbo àga mọ́tò mi!"

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá! Àwọn èèyàn hó yèè.

"Ọtí mi ń mí," ni Deok-im wí. "Ó wà láàyè. Kò sẹ́ni tó ń pọn ọtí lágbègbè yìí tí kì í fi àyè sílẹ̀ lẹ́nu ìdérí kó lè mí. Ìwọ fẹ́ fi orúkọ rẹ sára ọtí tí o kò mọ̀ pé ó ń mí! Ta lo fẹ́ tàn jẹ, Su-hyang?"

Màmá Tak yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Báwo lẹ ṣe ń wọlé?"

"Màmá..."

"Báwo lẹ ṣe ń wọlé!"

"Àràárọ̀ Túsìdeè," ni Sang-guk jẹ́wọ́. "Tí Ìyá Bo-ram bá lọ sílé ìwẹ̀, ó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi. Su-hyang á gbé ọtí ilé iṣẹ́ tó ti fi omi là wá, a ó fi í pààrọ̀."

Fún un! Kò fi pamọ́, kò gbé e há. Ọkọ rẹ̀ ló fi ṣọ́ ọ! Màmá Tak fọ́ ọ létí lójú gbogbo èèyàn, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

"Jáde fún mi! Bí o ṣe wà yẹn ni kó o máa lọ! Ìwọ Su-hyang, má tún pè mí ní Màmá láyé rẹ. Òní náà ni ọkọ rẹ yóò gbọ́ ọ ní Ulsan, ẹnu èmi ni yóò sì ti gbọ́ ọ!"

Su-hyang wọ mọ́tò tó ń rùn yẹn, ó wà á lọ, àfọ́kù ìgò ń dún wójowójo lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó di pé oṣù yí, ọkọ rẹ̀ ti dé láti Ulsan, ó gba mọ́tò, ó sì dá Su-hyang padà fún àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yá a ní ilé ní Gunsan gbọ́ ìròyìn, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo ń sáré jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀sán ọjọ́ yẹn tán.

Nígbà tí wọ́n wọlé padà, Deok-im kọrí sí ilé ìdáná bí ìṣe rẹ̀. Màmá Tak di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi í jókòó sí tábìlì àwọn oníbàárà. Ìyá arúgbó náà fúnra rẹ̀ gbé abọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tábìlì fi kún dẹ́múdẹ́mú. Ó rọra tú ìdérí ìgò kan tó kù, ó dà á sínú kẹ́tù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọtí fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi mú kẹ́tù náà, bí ọmọdé ṣe ń bu ọtí fún àgbà níbẹ̀. Bàbá Pyo rí i, ó ṣí fìlà.

"Ọmọ mi, mu."

Deok-im kò mu. "Ẹ ní kí n lọ sílé ìyá mi tó ti kú."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

"Níwájú àwọn èèyàn."

"Níwájú àwọn èèyàn náà ni mo fi ń bẹ̀ ọ́. Orúkọ rẹ ni yóò wà lórí pátákó ẹnu ọ̀nà yìí láti ọ̀la. Ta ni mo tún ní?"

Deok-im gbé ife náà, ó mu ún tán láìmí. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú kò tíì kúrò níbẹ̀, n kò sì bá a wí. Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Bàbá Pyo, ẹ wá. Gbogbo yín, ẹ súnmọ́bí. Ṣé èmi nìkan ni n óò jẹ gbogbo èyí?"

Wọ́n fa àga, wọ́n ń ti ara wọn, ọwọ́ ń kọjá lórí ọwọ́. Inú ariwo yẹn ni ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀. Sang-guk ló yọ orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì pọ́n.

"Ìyá Bo-ram, jọ̀ọ́. Èmi ńkọ́?"

Deok-im kò pè é ní Bàbá Bo-ram, kò sì tún fi "ẹ̀yin" dá a lóhùn mọ́.

"Lọ bi ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ," ló wí, ó sì na ọwọ́ mú ẹja.