Ta Ló Jẹ Erùpẹ̀ Dídín?

Fura ni wọ́n ń pè é, torí kò sóhun tí kì í fura sí.

Á gbọn bàtà rẹ̀ wò kó tó wọ̀ ọ́. Á gbóòórùn omi kó tó mu ún.

Ilé ìwé ti gba ọlidé. Fura tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Wọ́n ń kó erùpẹ̀ lé erùpẹ̀ níbẹ̀, kí rélùwéè lè gba orí rẹ̀.

Gìrì-gìrì! Gìrì-gìrì! Rólà ńlá ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Rólà ló ń wà á.

Bọ̀ọ̀dá Rólà fò sílẹ̀. Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀. Gbì! Gbì!

"Àǹtí, ilẹ̀ ti le! Ẹ jẹ́ kí típà da erùpẹ̀ míì lé e."

"Ó dìgbà tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò," ni ìyá Fura wí. "Òjò rọ̀ lánàá. Bí omi bá pọ̀ nínú ilẹ̀ yìí, ó máa jìn. Rélùwéè á sì ṣubú."

Ó gbẹ́ ihò kékeré. Ó gbé erùpẹ̀ ibẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Ó wá dà á sínú páànù, ó gbé e kaná.

Ṣàà! Ṣàà! Ó ń rò ó.

Fura lajú sílẹ̀. Erùpẹ̀ dídín? Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?

Ó rọra sún sẹ́yìn. "Màmá, mo ti yó o."

"Ta ló fi lọ̀ ẹ́?"

Ìyá rẹ̀ tún wọn erùpẹ̀ náà. "Ó ti fúyẹ́."

Ó ti fúyẹ́? Hùn-ùn! Ẹnì kan ti jẹ níbẹ̀!

Fura wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ẹnu Bọ̀ọ̀dá Rólà ń mì. Hùn-ùn!

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ lanu!"

"Àáàà."

Ṣingọ́ọ̀mù ni.

"Omi ló gbẹ kúrò lára ẹ̀," ni ìyá Fura wí. "Omi ṣì pọ̀ níbí."

"Omi dà?" ni Bọ̀ọ̀dá Rólà bi í. "Òṣùwọ̀n yín ló ń parọ́. Ẹ dín òmíì kí n rí i. Bí mi ò bá rómi, típà ń bọ̀ nìyẹn o."

Ìyá Fura gbé erùpẹ̀ míì kaná.

Pà! Fura fi àwo dé páànù náà.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń ṣọ́ ọ ni. Kò sẹ́ni tó máa jí eléyìí jẹ."

Ó dúró tì í. Ó ń wo ẹnu Bọ̀ọ̀dá Rólà.

Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ fi aṣọ di àwo náà mú. Ó ṣí i.

Tó! Tó! Tó! Omi ń kán lára àwo.

"Màmá! Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́! Omi ló ń sá lọ!"

Bọ̀ọ̀dá Rólà fọwọ́ kan omi náà. Ojú tì í.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Omi wà níbẹ̀ lóòótọ́."

"Àjà ò fura, àjà jìn," ni ìyá Fura wí. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ rẹ̀ gan-an.

Wọ́n tú ilẹ̀ náà kí oòrùn lè pa á. Lọ́jọ́ kejì, rólà tún tẹ̀ ẹ́. Gìrì-gìrì! Gìrì-gìrì!

Ìyá Fura tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀ ti le dénú. Ó buwọ́ lùwé pé ó ti dáa.

Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Rólà ò tíì pe típà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Fura.

"Ọ̀gá mi kékeré, ṣé kó máa bọ̀?"

Fura wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Fura juwọ́ sókè. "Ẹ máa bọ̀ o!"

Gìrrrrr! Típà sì bọ̀.