Àga Ìyá Nínú Tẹlifíṣọ̀n Méjì

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé tó ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà l'Ẹ́pẹ́, tẹlifíṣọ̀n náà ṣì wà lára ògiri, àwọn tó rí i sì ń bẹ láyé. Ẹni tó bá fẹ́, kó pè é nírọ́. Kò ní dun Kúbúrátù. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó máa bá ènìyàn jiyàn.

Ó ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó délẹ̀ rárá. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà nílé ọkọ, òun ló wá ṣẹ́kù tí yóò máa tọ́jú ìyá tó bí i. Òun ló ń wẹ̀ fún un. Òun ló ń pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Òun ló ń lọ ògùn mọ́ ẹ̀kọ nígbà tí ìyá bá ní ọ̀fun ń dun òun. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́, Ọlọ́run á bùkún wọn. Ṣùgbọ́n owó kì í gbé arúgbó dìde.

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá náà, tí wọ́n ká awọ funfun kúrò níbẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló tọrọ.

"Iléyá tó kọjá," ló wí. "Gbogbo yín pé, mi ò sì rí ojú ẹnì kankan. Ṣebí Mardiyah ya fídíò. Ẹ jẹ́ kí n rí ojú àwọn ọmọ mi kí n tó lọ."

Fóònù kéré jù fún ojú rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n wá àwòrán tó tóbi, tó mọ́ kedere. Bí wọ́n ṣe dáwó tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Dídá owó kò le. Èwo ni ká rà? Ibẹ̀ ni ogun wà. Mardiyah, àbúrò tó tẹ̀lé Kúbúrátù, tó ń gbé ní Kánádà, ní ti Jàpáànù lòun fara mọ́. Kabir, àbíkẹ́yìn wọn, tó ń gbé n'Ígbògbò, ní ti Kòríà ni. Wọ́n fà á, wọ́n fà á lórí Wásáàpù, títí Kúbúrátù fi ń gbé fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀.

"Ẹ ra èyíkéyìí," ló máa ń wí. "Kó ṣáà ti tàn."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òun àti Kabir wọ ṣọ́ọ̀bù Adéòjó n'Íkòròdú. Adéòjó ń ta tẹlifíṣọ̀n olówó ńlá nìkan, èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ gidigidi, tí wọ́n ń pè ní 4K. Inú ṣọ́ọ̀bù náà tutù bíi yàrá yìnyín. Gbogbo tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri ló ń fi ẹyẹ ayékòótọ́ kan náà hàn.

"Mọ́mì, ẹ sún mọ́ ọn," ni Adéòjó wí. "Ẹ wo ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ lè kà á níkọ̀ọ̀kan."

"A ò ní ayékòótọ́ nílé."

Kabir bú sẹ́rìn-ín. Fóònù rẹ̀ dún. Ohùn Mardiyah ni, ohùn tó ti gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Kabir tẹ̀ ẹ́, ohùn náà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ má jẹ́ kó fi fídíò ṣọ́ọ̀bù tàn yín jẹ o! Kò sí tẹlifíṣọ̀n tí kò rẹwà lórí fídíò ṣọ́ọ̀bù. Fíláàṣì tiwa, tí fídíò Iléyá wà nínú rẹ̀, ni kẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn!"

Adéòjó wo fóònù náà. "Àǹtí yìí, ṣé wọ́n ta tẹlifíṣọ̀n rí ni?"

"Rárá. Wọ́n kàn máa ń pàṣẹ ni," ni Kabir wí.

Adéòjó gba fíláàṣì náà. Ó so tẹlifíṣọ̀n méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan, kí fídíò kan náà lè máa lọ sára wọn pa pọ̀. Ti Kòríà wà lápá òsì. Ti Jàpáànù wà lápá ọ̀tún. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ọgbà ilé wọn l'Ẹ́pẹ́ yọ. Igi furúùtù. Èéfín. Awọ àgbò tí wọ́n sá sórí fẹ́ǹsì. Àwòrán náà mọ́ débi pé Kúbúrátù rí òógùn tó ń ṣàn lójú ara rẹ̀ nídìí iná. Ó rí ìhunjọ ọrùn rẹ̀. Ta ni arúgbó yìí? ló bi ara rẹ̀. Ó wá ìjókòó, kò sí.

Ẹ̀rọ tí Mardiyah fi ń ya fídíò ọjọ́ náà yí sábẹ́ igi, níbi tí àga ìyá wà.

Lápá òsì, ìyá wọn jókòó sórí àga. Ó wọ léèsì aláwọ̀ ewé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Lápá ọ̀tún, àga náà ṣófo.

Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Lára àwọn tẹlifíṣọ̀n tó kù, àwọn ayékòótọ́ ń na ìyẹ́ láìpariwo.

"Kabir."

"Mo ń wò ó."

"Ẹ dá a padà," ni Kúbúrátù wí fún Adéòjó.

Adéòjó dá a padà. Igi furúùtù. Èéfín. Awọ àgbò. Àga. Ìyá wà lápá òsì. Kò sí nǹkan kan lápá ọ̀tún, àfi tìmùtìmù pupa, tí àárín rẹ̀ jìn wọlẹ̀ díẹ̀.

Kabir fúnra rẹ̀ wá wọ abẹ́ igi nínú àwòrán, nínú agbádá Iléyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Lápá òsì, ìyá gbọ́wọ́ lé e lórí, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ń ṣàdúrà. Lápá ọ̀tún, Kabir kúnlẹ̀ fún àga òfìfo. Ó tẹrí ba. Fìlà rẹ̀ rì wọlẹ̀ lórí rẹ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́.

Kabir tó dúró ní ṣọ́ọ̀bù fọwọ́ kan orí ara rẹ̀.

Adéòjó yọ wáyà. Ó gbé ti ọ̀tún sósì, ó gbé ti òsì sọ́tùn-ún. Kò yí padà. Ti Kòríà ń fi ìyá hàn. Ti Jàpáànù ń fi àga hàn.

"Èwo ló ń parọ́ nínú wọn?" ni Kúbúrátù bi í.

"Mọ́mì, ti Kòríà yìí, ó máa ń fi adùn díẹ̀ sí i. Pupa á pupa ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú àwọn ènìyàn á máa dán. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀."

"Ti Jàpáànù ńkọ́?"

Adéòjó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Ti Jàpáànù kì í fi nǹkan kan kún un."

"Ṣé ó máa ń yọ nǹkan kúrò?"

"Kì í yọ ọ́, mà."

Kabir ti ń pe ilé. Munirah, ará ilé kejì tó ń bá wọn jókòó ti ìyá, ló gbé e.

"Màámi ńkọ́?"

"Wọ́n wà ńbí. Wọ́n ń mu ẹ̀kọ. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má gbàgbé láti mú búrẹ́dì bọ̀, wọ́n ní kó má jẹ́ èyí tó le o."

Kabir rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ ju ọ̀rọ̀ búrẹ́dì lọ.

Kúbúrátù ò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wà lára àga tó ṣófo. Bó ṣe ń wò ó, nǹkan kan sọ̀ kalẹ̀ ní èjìká rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn sọ ẹrù igi kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀nà jíjìn. Èémí rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú rẹ̀ fẹ́ pa dé níbi tó dúró sí. Kò rántí ìgbà tí ara tù ú báyìí mọ́. Ìgbà tó wá yé e pé àga òfìfo ló ń tu òun lára, ó yára gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ di ti Kòríà fún wa."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi Àǹtí Mardiyah—"

"Mo ní ẹ di ti Kòríà."

Wọ́n gbé páálí náà sẹ́yìn ọkọ̀ Kabir. Wọ́n kọjá Ìmọ́tà, wọ́n kọjá oríta Agbowa. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ wọ Ẹ̀pẹ́ ni Kabir tó fọhùn.

"Ká má sọ fún Màámi."

"Kí la fẹ́ sọ?"

Kabir fúnra rẹ̀ kan tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ ògiri pálọ̀. Oòrùn ò tíì wọ̀. Wọ́n gbé ìyá wá, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn, wọ́n wọ jígí tuntun rẹ̀ fún un. Munirah ti padà sílé rẹ̀. Kabir tẹ̀ ẹ́.

Ìyá pariwo bí ọmọdé.

"Hàà! Kabir rè é! Ta ló ń bọ́ ẹ báyìí? O sanra ju àgbò tí wọ́n sá awọ rẹ̀ sẹ́yìn ẹ lọ!"

"Ẹ̀yin náà, Màámi."

"Má dá mi lóhùn. Jẹ́ kí n wòran." Ó na ọrùn. "Kúbúrá. Ìwọ nìyí nídìí iná."

"Èmi ni, Màámi."

Ìyá wo Kúbúrátù tinú àwòrán, ó yíjú wo èyí tó jókòó tì í.

"Ó rẹ̀ ẹ́," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé o ti rù tó báyìí. Ṣé èmi ni mo sọ ẹ́ dà báyìí?"

Kúbúrátù ń ro ti ṣọ́ọ̀bù Adéòjó, ó ń ro bí ara ṣe tù ú. Ó gbé ojú sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwòrán ti yí sábẹ́ igi furúùtù.

"Ta nìyẹn?" ni ìyá bèèrè.

"Níbo, Màámi?"

"Lórí àga yẹn. Ta ló wọ léèsì mi?"

Kabir wo Kúbúrátù.

"Ẹ̀yin ni, Màámi," ni Kúbúrátù wí.

"Èmi kọ́."

"Ẹ̀yin ni. Iléyá nìyẹn. Ẹ jókòó lábẹ́ igi, ẹ ń ṣàdúrà fún wa."

"Lọ́jọ́ Iléyá?" Ìyá bọ́ jígí, ó fi etí ìró nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ohùn ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ kan títí tó sú u. "Mi ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín yín lójú fèrèsé. Mò ń retí kí ẹnì kan wá gbé mi jáde. Ẹnikẹ́ni ò wá."

Lára ògiri, obìnrin tó wọ léèsì aláwọ̀ ewé gbọ́wọ́ lé Kabir lórí.

"Ta ló gbé Màámi jáde lọ́jọ́ náà?" ni Kúbúrátù bèèrè.

"Ẹ̀yin ni mo rò."

"Ìdí iná ni mo wà láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìwọ ni mo rò."

"Mo lọ kírun ní yídì, Àǹtí. Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti jókòó síbẹ̀."

"Mardiyah ńkọ́?"

"Àǹtí Mardiyah náà rò pé ẹ̀yin ni."

Nínú ilé tí ọmọ pọ̀ sí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Olúkúlùkù á gbà pé ẹlòmíràn ti ṣe é.

Kúbúrátù rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Òun ló mú ìyá dìde lórí àga. Ìyá rìn. Gbogbo ilé ń pariwo Alihamudulilai, wọ́n ní Iléyá ti fún un lókun. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Kúbúrátù rò pé mínírà tútù tó gbé dání ló fà á. Ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ìyá yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Fi mí sílẹ̀. Mo mọ inú ilé." Ó sì wọlé. Nígbà tí Kúbúrátù wọ yàrá lẹ́yìn tó fọ àwo tán, ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ àná, ó kọjú sógiri. Ó ní ebi ń pa òun láti àárọ̀. Kúbúrátù sì dá a lóhùn pé, "Màámi, ṣebí èmi ni mo fi ẹran sí yín lẹ́nu." Ó kà á sí ìgbàgbé àgbà. Ó pa iná, ó lọ sùn.

"Kúbúrá," ni ìyá wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ògiri. "Ta lo mú wọlé?"

Kabir mú rìmóòtù, ó pa tẹlifíṣọ̀n náà. Ó dìde. Ó ní ọ̀nà Ìtóìkín ò dáa tílẹ̀ bá ṣú. Ó ní òun á pè. Ó kí ìyá, ó dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá na ọwọ́ sí orí rẹ̀, ó tètè dìde. Bí àwọn àbúrò Kúbúrátù ṣe máa ń lọ náà nìyẹn. Ìró ọkọ̀ rẹ̀ parẹ́ lójú títì.

Kúbúrátù wọ ilé ìdáná. Ẹni tó bá ní ìyá láti bọ́ kò ráàyè jókòó bẹ̀rù. Ó gbé ìkòkò kaná. Ó ro ẹ̀bà. Ó bu ọbẹ̀, ó yọ egungun ẹja kúrò. Ilé dákẹ́. Nígbà tó wo iwájú rẹ̀, àwo méjì ló ti bù, tó sì fi ẹja sí dọ́gbadọ́gba. Kò mọ ìgbà tó ṣe é.

Ó gbé àwo kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé èkejì lọ́wọ́ òsì. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó dá ọ̀kan padà.

"Kúbúrá!"

Ó la ẹnu láti jẹ́ ẹ.

Ó pa ẹnu dé.

Pálọ̀ ló fi ìyá sí, lórí àga, pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́yìn. Kò ì gbé e wọ yàrá. Ohùn ìyá ni, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n kò lè búra pé ọ̀dọ̀ pálọ̀ ló ti dún.

Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwo méjì lọ́wọ́, ooru oúnjẹ ń lù ú lójú. Pálọ̀ wà lápá kan. Yàrá ìyá wà lápá kejì. Ó ń retí kí ohùn náà tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i.